Fíìmù Kan Nínú Àpò Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní àdúgbò Hanoukopé ní Lomé, kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo máa ń di àpò kámẹ́rà bàbá mi. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Onífọ́tò ni bàbá mi. Àwọn òbí rẹ̀ ló gbé e wá sí Lomé láti Nàìjíríà, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa, pẹ̀lú aṣọ ńlá kan tí wọ́n ya òkun àti igi àgbọn sí lára. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn jù ni ìrìn àjò. Á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí apá òkè, á sọ̀ kalẹ̀ ní Atakpamé, á wá fẹsẹ̀ rìn dé àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé, láti ya àwọn tí kò sẹ́ni tó yà wọ́n rí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló jẹ́ kí n máa sọ èyí. Òun náà ń ya fọ́tò. Láti ọjọ́ mẹ́ta ló ti tẹ́ ẹrù rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi níbí ní Bè-Kpota, torí ó ń lọ sí àwọn abúlé kan lókè lọ́hùn-ún tí kò ní iná. Kámẹ́rà méjì, bátìrì tí mi ò lè kà tán, pátákó kékeré kan tó ń gba iná lára oòrùn, àti àwọn káàdì tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ibi tí mo ń sùn ni mo ń sọ yìí o. Mo bi í pé ṣé ọjà ló fẹ́ pàtẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mémé," bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, "ẹ ò mọ ibi tí mò ń lọ." Mo ní mo mọ ibẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ.

Bàbá mi ní kámẹ́rà mẹ́ta. Èyí tó tóbi, tó ń dúró lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Tuntun kan wà tó ń lo bátìrì, ó ń dán gan-an, èmi ni mo sì máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e lọ kó lè gbayì lójú àwọn ará oko. Kò gbà rí. Ó ní bí bátìrì bá kú sórí òkè, kí lòun fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe? Èyí tó ń mú dání ni kékeré dúdú kan tí awọ ara rẹ̀ ti ń bó, tí kò béèrè nǹkan kan ju fíìmù lọ.

Bí mo bá fẹ́ di àpò náà, mà á kọ́kọ́ yan ìrẹsì nínú agbada títí á fi gbẹ dáadáa. Bó bá tutù, mà á dì í sínú aṣọ pélébé-pélébé, mà á fi wọ́n sí igun àpò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, nítorí afẹ́fẹ́ etí òkun wa yìí a máa jẹ́ kí ojú kámẹ́rà bu bí búrẹ́dì. Mà á fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nu ojú kámẹ́rà náà, mà á fi ọ̀rá méjì wé e nítorí eruku pupa. Tí mo bá di àpò tán, bàbá mi á ní kí n gbé e kọ́ èjìká, kí n rìn dé ibùdókọ̀ ojú irin, kí n sì padà. Bí mo bá ń mí hẹlẹ nígbà tí mo dé, á tú àpò náà, á yọ nǹkan kan kúrò. Kò wí pé mo jẹ́ ọ̀lẹ rí.

Ti fíìmù ló le jù. Fíìmù ayé ìgbà náà wà nínú agolo kékeré, orí rẹ̀ a sì máa yọ jáde. Ahọ́n là ń pè é nílé wa. Àwọn onífọ́tò mìíràn, bí wọ́n bá ya fíìmù tán, wọ́n á wé ahọ́n yẹn wọlé pátápátá kó má baà sí àṣìṣe. Bàbá mi kì í wé e wọlé, nítorí ó rọrùn fún un láti fà á jáde nínú yàrá òkùnkùn nígbà tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Òwú pupa ló máa ń so mọ́ èyí tó bá ti yà tán. Bí òwú bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà, á ṣẹ́ orí ahọ́n náà sẹ́yìn dípò òwú. Ó sọ ti ahọ́n ṣíṣẹ́ yìí fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì gbàgbé.

Ó dé láti òkè ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ padà lọ ní ọjọ́ Àìkú sí apá ibòmíràn. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti dé abúlé àwọn Ifẹ̀ kan lórí òkè lẹ́yìn Atakpamé, àwọn tí èdè wọn sún mọ́ tiwa, òun sì ya àwọn ìbejì obìnrin kan níbẹ̀ tí wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ní wọn ò dúró jẹ́ẹ́, òun ya èèyàn títí, òun ò rí irú wọn. Ó wá lọ sùn. Ó ní kí n kó àwọn fíìmù olówùú pupa sínú páálí yàrá òkùnkùn, kí n sì fi tuntun dí àpò.

Mo rí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní òwú, tí orí rẹ̀ ṣẹ́. Ọmọ tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò ni mí, èyí ló sì bà mí jẹ́. Mo rò pé ẹrù ló tẹ̀ ẹ́. Mo fi èékánná nà án, mo fi ìwé ilé ẹ̀kọ́ mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi tọ́, mo sì tò ó sáàárín àwọn tuntun. Ara mi yá gágá. Mo tiẹ̀ ń retí kó yìn mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó padà dé, ó fọ fíìmù. Mo dúró tì í nígbà tó gbé ọ̀kan síwájú iná. Màlúù àti àwọn ọkùnrin onífìlà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì gun ara àwọn ọmọdé kéékèèké méjì kan, tí ojú àwọn ọmọ náà kò fi hàn rárá. Ó ti ya fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó mọ́ nínú rẹ̀ ni ọwọ́ àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ọwọ́ kékeré di ìka rẹ̀ mú. Mo rí ọwọ́ yẹn, àmọ́ mi ò béèrè pé ti ta ni. Bàbá mi bi mí bóyá mo rí fíìmù kan tí orí rẹ̀ ṣẹ́ sẹ́yìn nínú àpò. Mo ní mi ò rí i. Ó wò mí díẹ̀, ó sọ fíìmù náà sínú ààtàn, ó ní kò burú, òun á tún àwọn ọmọ náà yà lóṣù tó ń bọ̀.

Oṣù náà ò tíì parí tí awakọ̀ kan tó ń kó iṣu wá sí Lomé fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ìyá ìbejì ló rán an. Ó ní ibà ti gba Kẹ́hìndé lọ́wọ́ òun. Ó ní kí onífọ́tò jọ̀wọ́ bá òun mú fọ́tò yẹn wá kíákíá, torí ojú ọmọ náà ti ń bọ́ lọ́kàn òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì rẹ̀ ń bẹ níwájú òun lójoojúmọ́. Bàbá mi kí awakọ̀ náà dáadáa, ó sì wọ yàrá òkùnkùn lọ, ó jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Bóyá ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ èyí. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò, ìyá a máa gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, onífọ́tò á yà á lẹ́ẹ̀mejì, á sì fọ méjèèjì sórí pépà kan náà bíi pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Ìyá mọ̀, gbogbo ilé sì mọ̀. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ìtùnú ni. Ohun tí bàbá mi ronú kàn nìyẹn. Àmọ́ ìyá tibí yìí ti dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya ọmọ rẹ̀ méjèèjì, bàbá mi ò sì fẹ́ sọ fún un pé fọ́tò ọjọ́ náà kò sí mọ́.

Ó lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀, ó ní òun á tún fún Táyé ní fọ́tò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó yà á ní ojú ọ̀tún, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó tún yà á ní ojú òsì. Nígbà tó padà dé Lomé ó fọ méjèèjì pọ̀, ó sì fi ìlà àárín pamọ́ dáadáa. Èmi ni mo da omi sí pépà náà lórí. Kò sí onífọ́tò tó mọ iṣẹ́ tó bàbá mi nínú gbogbo Lomé, mo sì ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, inú mi ń bà jẹ́.

Nígbà tó fẹ́ mú un lọ, ó ní èmi ni mà á bá òun gbé àpò. Kò mú mi lọ rí. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ fìyà jẹ mí ni tàbí kò fẹ́ dá lọ.

Ìyá náà fún wa lómi. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró kó tó gba fọ́tò, ó sì jókòó sórí àpótí, Táyé fara tì í. Ó wò ó títí. Mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ mi dà?"

Ohun tó ń sọ kò yé bàbá mi. Ó wá ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ yà wọ́n, Kẹ́hìndé ń sunkún. Ẹ ní kí n sún kúrò, mo sún, àmọ́ kò fi ìka mi sílẹ̀. Ọwọ́ mi ni mò ń wá."

Ìgbà náà ni mo mọ ọwọ́ tí mo rí nínú fíìmù yẹn. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá mi ì bá má sọ ọ́ nù, ì bá tilẹ̀ fọ ibi tí ọwọ́ yẹn wà nìkan jáde fún un. Ó ti wà nínú ààtàn.

Bàbá mi ṣí fìlà. Ó ní, "Ìyá ìbejì, fíìmù ọjọ́ náà bàjẹ́. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Mo sì tún wá parọ́ lé e."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Mo ní ẹnu. Okùn àpò wà lọ́wọ́ mi, mo sì fún un mọ́ra títí ó fi dun mí, mi ò la ẹnu. Bàbá mi kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá, torí ó mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́ ahọ́n yẹn sẹ́yìn, ta ni ì bá tún nà án?

Obìnrin náà kò pariwo. Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń bó iṣu, ó gé fọ́tò náà láàárín gan-an. Ó fi ìdajì kan sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó na èkejì sí mi, torí èmi ni àpò wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Gbà, ọmọ mi, bá bàbá ẹ tọ́jú ẹ̀. Táyé kan tó mi." Ó wá di iṣu sísun fún wa, ó ní ọ̀nà jìn, ká má fi ebi rìn ín.

A jẹ iṣu náà nínú ọkọ̀ ojú irin. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń di àpò rẹ̀. Kò bá mi wí, kò sọ ìdí fún màmá mi. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mà á rí i tó ń yan ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n yan, ó máa ń jó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dẹ́kun ríríran, ó sì kú láìjẹ́ pé a sọ ọ́ rí.

Lánàá ni ọmọ ọmọ mi ń wá aṣọ múlọ́múlọ́ nínú àpótí àtijọ́, ó sì fa ìdajì fọ́tò náà jáde. Ó béèrè pé ta ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé ọmọ oníbàárà kan ni. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ òótọ́ fún un. Ó jókòó ti ẹrù rẹ̀, ó ní ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo ní ọmọdé náà mọ irọ́ pa.

Ayé ti yí padà, mi ò sì ní sọ pé tàtijọ́ ló dára jù. Fọ́tò kan ṣoṣo, inú káàdì méjì ló ń bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, kí ọmọ ọmọ mi tó sùn, á tún dà á kọ síbòmíràn. Kò sí ìyá tó ń dúró de àlejò kó bá òun mú ojú ọmọ òun ti Lomé bọ̀. Ó wà nínú fóònù tó so mọ́ ìró. Inú mi dùn fún wọn, ó sì ń dùn mí pé ó pẹ́ kó tó dé. Títì ọlọ́dà ti gba ìdí òkè yẹn kọjá. Ọmọ ọmọ mi máa gba ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé.

Ó ní kí n bá òun to àwọn káàdì sínú ilé wọn. Mo ní rárá, kó tò ó fúnra rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fi ọwọ́ mi kó sínú àpò náà, ìdajì fọ́tò yẹn ni, mo wé e sínú ọ̀rá méjì nítorí eruku. Mo ní kó yà sí abúlé náà, kó béèrè ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Táyé. Bó bá ti kú, kó mú un bọ̀. Bó bá wà láyé, kó fún un, kó sì sọ fún un pé ọwọ́ bàbá mi kọ́ ló ba fíìmù ọjọ́ náà jẹ́, ọwọ́ tèmi ni.