Aránbàtà Tó Fẹ́ Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Dáhùn

Ògiri pákó kan ló pín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti aránbàtà níyà. Káfíńtà ni mí. Bí mo bá dá ayùn dúró, mo máa ń gbọ́ òòlù rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni n kì í gbọ́.

Kì í ṣe odi. Iṣẹ́ ló fà á. Ẹni tó ń kan bàtà, ọwọ́ kan di bàtà mú, ọwọ́ kejì di òòlù mú. Ìṣó kò ní ibòmíì tí yóò wà ju ẹnu lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò da ìṣó kéékèèké sẹ́nu, yóò sì máa fi ahọ́n tì wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí orí ìṣó kọ́kọ́ yọ. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tí ìṣó kún ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì gbọdọ̀ sín.

Nítorí náà ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìdí tábìlì ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, ó ń kun bàtà, ó sì ń dá oníbàárà lóhùn. Oníbàárà á ní, "Bàbá, ṣé bàtà yìí ṣì ṣeé tún ṣe?" Aránbàtà á gbé ìpéǹpéjú sókè díẹ̀. Ìyàwó á ní, "Ó ní ó ṣeé tún ṣe, àmọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kú pátápátá. Ó ní ta ló kọ́ yín ní ìrìn gan-an?"

"Ìpéǹpéjú kan ṣoṣo ló sọ gbogbo ìyẹn?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ padà wá."

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó mọ́ wọn lára. Kódà bí kò sí ìṣó lẹ́nu ọkọ, ìyàwó ló ń dáhùn. Bí ẹ bá kí aránbàtà pé ṣé dáadáa ló jí, ìyàwó á ní, "Ó jíire, ó dúpẹ́." Ó ti ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan. Eyín ń dun ọkọ, wọ́n sì jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín. Dókítà béèrè ibi tó ti ń dùn ún. Ìyàwó na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Apá ọ̀tún ni. Dókítà yọ eyín tí kò ṣẹ̀, tí kò rò. Ọkọ kò wí nǹkan kan títí wọ́n fi délé. Nígbà tí mo fi ṣe ìyàwó yẹ̀yẹ́, ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Eyín yẹn náà ti ń mì tẹ́lẹ̀."

Kí ẹ má baà rò pé obìnrin líle ni. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù wọn ń jò lápá kan. Bí òjò bá ti ṣú, òun ló máa ń gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ ibi tó ń jò, kí ọkọ rẹ̀ má baà rí àyè jókòó síbẹ̀.

Ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ìjọ wa kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. A ó gbàdúrà fún ọmọ, a ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀ padà. Bí ó bá dàgbà, tó gbàgbọ́, tó sì béèrè fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn la ó rì í bọmi. Ìyàwó ti ṣe tirẹ̀ kó tó wọlé ọkọ. Aránbàtà kò ṣe é. Inú ìjọ mìíràn ni wọ́n bí i sí. Wọ́n ti sàmì fún un lọ́mọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ ló sì dáhùn ìbéèrè àlùfáà fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ ìrìbọmi sílẹ̀, ìyàwó á ní, "Ó ní wọ́n ti ṣe é fún òun." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀, aránbàtà wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò sí ìṣó lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ jókòó sórí àga tí n kò tíì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Mo ní, "Ṣúmékà, rọra o, ẹsẹ̀ ìyẹn kò pé." Ó dúró.

Ó ní, "Ìyá mi ló dáhùn fún mi níjọ́sí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ṣe tirẹ̀. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n òun ló dáhùn. Èmi ò tíì dáhùn."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé ayùn sílẹ̀, a sì jọ lọ bá pásítọ̀.

Pásítọ̀ wa kò ju ọmọ mi lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń kọ́ni. Ìyàwó bá ọkọ rẹ̀ wá síbi ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè é. Èmi náà wà níbẹ̀, nítorí díákónì tó ń bójú tó omi ni mí.

Pásítọ̀ ní, "Bàbá, omi yìí kò ní agbára kankan nínú. Láti ẹnu ẹ̀rọ ló ti ń wá. Ẹni tí kò gbàgbọ́, tó wọ inú rẹ̀, ara tútù nìkan ló máa bá jáde. Jésù ló ń gbani là. Ìrìbọmi, ẹ fi ń jẹ́rìí ni. Bí ẹ bá lọ sábẹ́ omi, ẹ ń sọ pé ẹ ti bá Kristi kú, wọ́n sì ti sin yín. Bí a bá gbé yín sókè, ẹ ti bá a jíǹde."

Ìyàwó ní, "Pásítọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìsìnkú yẹn pẹ́ o. Èémí rẹ̀ kò gùn."

"Kò ní pẹ́, Màmá. Bàbá, màá bi yín níwájú ìjọ bóyá ẹ gba Jésù Kristi gbọ́ ní Olúwa àti Olùgbàlà yín. Ẹ ó dáhùn."

"Ó ní òun á dáhùn," ni ìyàwó wí.

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá, tiyín ti wà nílẹ̀. Tiwọn là ń wá." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún ọkọ. "Bàbá, bí ọ̀rọ̀ bá ṣòro, ẹ kàn mi orí sí mi. Ọlọ́run á rí i."

Aránbàtà ní, "Rárá. Màá sọ ọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, bí òòlù bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. "Mo gba…" Á dákẹ́. Òòlù á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó yọ́ wá bá mi. "Bàbá Káfíńtà, ẹ bá mi bẹ pásítọ̀, kó fi dandan lé e pé orí nìkan ni kó mì. Bó bá yadi níwájú gbogbo ìjọ ńkọ́? Ojú á tì í. Kò ní padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Mo mọ ọkọ mi."

Mo ní, "Bó bá yadi, ẹ jẹ́ kó yadi fúnra rẹ̀."

Ó pòṣé. "Ẹ̀yin ọkùnrin sá."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ṣí pákó tó bo adágún onísímẹ́ńtì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti pọn omi kún un láti Sátidé. Awakọ̀ kan àti ọmọbìnrin kan ló ṣáájú. Wọ́n wọ inú omi, wọ́n dáhùn kíá, pásítọ̀ rì wọ́n bọmi, wọ́n jáde. Ó kan aránbàtà. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, omi sì dé ìbàdí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró létí adágún, ó gbá táwẹ̀lì mọ́ àyà.

Pásítọ̀ bi í ní ìbéèrè.

Ó la ẹnu. Mo rí ahọ́n rẹ̀ tó ń wá ohun tí yóò tì síta. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Ẹnìkan húkọ́ lẹ́yìn. Pásítọ̀ fẹnu sún mọ́ ọn létí pé, "Bàbá, ẹ mi orí." Kò mì í.

"Ó gbà á gbọ́!"

Ìyàwó ni. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ó fi táwẹ̀lì bo ẹnu, omi sì lé ròrò sí i lójú. Mo rò pé ó parí.

Aránbàtà yí padà díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Kò bínú.

Ó ní, "Ìyàwó mi, o ṣeun. O ti ń bá mi sọ̀rọ̀ tipẹ́. Jẹ́ kí n sọ eléyìí."

Ẹ̀rín dá. Ó kọjú sí pásítọ̀.

"Mo gba Jésù Kristi gbọ́. Òun ni Olúwa mi. Òun ló gbà mí là. Èmi ni mo sọ ọ́."

Pásítọ̀ ní, "Nítorí ìgbàgbọ́ tí ẹ fi ẹnu yín jẹ́wọ́, mo rì yín bọmi ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́." Ó dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn. Omi pa dé lórí rẹ̀. Ó gbé e dìde.

Kí ó tó húkọ́ tán, ìyàwó rẹ̀ ti wà nínú omi tòun ti bàtà, ó ń nu ojú fún un. Àgbà obìnrin kan láàárín àwọn akọrin béèrè pé, "Ẹ kú oríire o. Ṣé kò tutù jù fún wọn?"

Ìyàwó la ẹnu. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Aránbàtà ní, "Ó tutù gan-an ni."

Nígbà tí ìsìn parí, mo wà lẹ́yìn wọn lọ́nà ilé. Ọkọ ló ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyàwó di apá rẹ̀ mú, ó dẹ etí sí i, ó ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo rọra rìn kí n má baà gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n dé ìkóríta ilé wọn. Wọn kò yà. Wọ́n ń lọ tààrà, ọkọ ṣì ń sọ̀rọ̀.