Bí Òkúta Ìwọ̀n Ṣe Fúyẹ́

Ọdún mọ́kànlá ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi jẹ́ òkúta ìwọ̀n ní Ìkirè. Àbídì Gàrúbà ni orúkọ wọn. Kòkó ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ìsọ̀ wọn sì wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Àpòmù. Àgbẹ̀ kì í gba òṣùwọ̀n gbọ́, kò sì jẹ̀bi: òṣùwọ̀n tí ẹnìkan ti fọwọ́ yí nídìí lè jẹ kílò mẹ́ta nínú àpò kan láìjẹ́ pé olóko fura. Nítorí náà, láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àpò kankan tó gun irin, Bọ̀ọ̀dá Àbídì á bọ́ bàtà, wọn á sì gun òṣùwọ̀n fúnra wọn níṣojú gbogbo èèyàn. Kílò méjìdínlọ́gọ́jọ. Láti Ìkirè-Ilé títí dé Ararọ̀mí-Òwu, kò sí olóko tí kò mọ iye yẹn bí ẹni mọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀. Bí irin tó ń tọ́ka iye bá ti dúró síbẹ̀, ọjà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Òkúta Ìwọ̀n, ẹ kú àárọ̀ o," ni Bàbá Adémúyìwá máa ń kí wọn. Àgbẹ̀ Ararọ̀mí-Òwu ni bàbá yìí, òun sì ni ẹnu àwọn àgbẹ̀ yòókù. "Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ má jẹ́ kí ebi yín ba ọjà wa jẹ́ o."

"Mo ti jẹ, Bàbá. Kòkó yín ló kù."

Wọn á rẹ́rìn-ín, ikùn Bọ̀ọ̀dá Àbídì á máa mì, irin òṣùwọ̀n á máa mì pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ kò mọ̀ ni pé òkúta náà ń ṣàìsàn. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára wọn. Orúnkún méjèèjì ti ń kọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá sùn, èémí wọn a máa dá dúró, Soliat ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ìyàwó wọn, a sì máa gbá wọn lẹ́yìn kó tó padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, wọ́n lọ sí Èkó. Ìpàdé àwọn oníkòkó ni wọ́n pè é létí ará ìta. Ilé ìwòsàn ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù wọn dànù. Èyí tó kù kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Bọ̀ọ̀dá Àbídì fúnra wọn ló yàn án. Ẹnikẹ́ni kò tì wọ́n. Soliat tilẹ̀ sunkún pé kí wọ́n má lọ. Kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fi gbólóhùn yẹn pamọ́.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n gbé Al-Kùránì lé ìyàwó wọn lọ́wọ́.

"Búra pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní mo lọ fowó ra ebi."

Soliat búra.

Èmi kò búra. Mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí n kò ríṣẹ́, ẹ̀yìn garawa ọ̀gì ni mo sì ti rí ìwé tí ilé ìwòsàn kọ fún wọn. Kò sí ohun tó rújú nínú rẹ̀. Ọkùnrin a máa tètè rù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, pàápàá ẹni tó bá sanra púpọ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló yá jù. Kí ará ilé má fòyà. Omi ẹran tí a ti sẹ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀gì, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀, díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n sì lọ oògùn tó ń fún ara lókun kúnná kí wọ́n tó mu ún.

Soliat bá mi níbi tí mo ti ń kà á.

"Tawheed, o ò rí nǹkan kan o."

Mo ní mi ò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n padà sí ìsọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló ti kọjá lórí iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gun òṣùwọ̀n. Irin lọ, ó bọ̀, ó dúró. Kílò mọ́kànlélógóje.

Bàbá Adémúyìwá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irin náà nítòsí, ó nu ojú rẹ̀, ó tún wò ó.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún gùn ún."

Wọ́n tún gùn ún. Mọ́kànlélógóje.

"Wọ́n ti bá wa ba òṣùwọ̀n jẹ́!" ni ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Mo ti ń sọ ọ́! Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni Bàbá Adémúyìwá wí. "Ẹ lọ gbé símẹ́ńtì kan wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù lódìkejì. Símẹ́ńtì kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni."

Wọ́n gbé e wá. Ohun tí wọ́n kọ sára àpò ni àádọ́ta kílò. Irin dúró sí àádọ́ta géérégé. Wọ́n gbé òmíràn lé e, ó di ọgọ́rùn-ún. Nígbà náà ni gbogbo wọn yíjú kúrò lára òṣùwọ̀n, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo èèyàn. Ó ṣòro láti ṣàlàyé bí ìwò yẹn ṣe rí. Wọ́n ti ka ọkùnrin náà sí ohun tí kì í yẹ̀. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ti gbà pé ó lè purọ́.

"Kílò mẹ́tàdínlógún," ni Bàbá Adémúyìwá wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Odindi ọmọ tó ti ń lọ sí ilé-ìwé nìyẹn. Àbídì, níbo ló wà?"

"Ọjọ́ orí ni, Bàbá."

"Ọjọ́ orí oṣù kan?"

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó di méjìdínlógóje. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́rìndínlógóje. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mẹ́rìnléláàádóje. Òrùka fàdákà ọwọ́ wọn bọ́ sínú kòkó, ọjọ́ kejì la tó rí i. Ọrùn wọn, tí kò sí tẹ́lẹ̀, yọ jáde. Àwọn tí kò ní ẹ̀kúnwọ́ kòkó kan ń wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti wá wò, wọ́n á ká ọwọ́ lérí. Èmi tí mo ti ka ìwé ilé ìwòsàn, tí mo mọ ohun tó fà á, mo bá Bọ̀ọ̀dá Àbídì pàdé lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì fò sẹ́yìn. Mo rò pé àlejò ni. Ìwé kò lè múra ojú sílẹ̀ fún ohun tí ó máa rí.

Ní ìlú wa, ara ọkọ ni ẹ̀rí ọwọ́ ìyàwó. Bí ọkọ bá dán, ìyàwó ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọkọ bá gbẹ, ẹ wo inú ìkòkò. Ìyá Bọ̀ọ̀dá Àbídì, Alhaja Sàlámọ̀tù, wá láti Àpòmù láìsọ tẹ́lẹ̀, kò sì jókòó kó tó wọ ilé ìdáná. Ó ṣí ìkòkò. Omi ẹran ló wà níbẹ̀, kò tó ife kan. Ó ṣí abọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Oúnjẹ ta nìyí?"

"Ti bàbá ilé ni, Ìyá," ni Soliat dáhùn.

"Bàbá ilé dà? Àbí ọmọ ọwọ́ ni mo bí tí mi ò mọ̀?"

Ibẹ̀ ló ti rí ọmọ ọlọ lórí tábìlì, pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lò ń lọ̀ fún ọmọ mi?"

Soliat la ẹnu. Mo rí ìgbà tí ìbúra náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Kó tó di Jímọ̀, gbogbo Àpòmù ti gbọ́ pé ìyàwó Àbídì ń lọ nǹkan sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin mẹ́ta wá gba aṣọ wọn padà láìrán, ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ wọlé, ìta ló dúró sí tó na ọwọ́. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ Soliat ló wà lórí irin. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì máa ná an.

Wọ́n pè wá sí Àpòmù ní ọjọ́ Àìkú. Ẹbí jókòó. Alhaja Sàlámọ̀tù kò pariwo, èyí ló burú jù.

"Àbídì ọmọ mi, kí ló ń ṣe ọ́?"

Bọ̀ọ̀dá Àbídì wo ilẹ̀. Àwọn arákùnrin bàbá wọn wà níbẹ̀, àwọn tó máa ń fi ikùn Bọ̀ọ̀dá Àbídì ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n tún ń fi yangàn. Mo ń ka ìṣẹ́jú. Gbogbo ohun tí wọ́n ní láti sọ kò ju "iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe" lọ.

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Ìyẹ̀fun yẹn ńkọ́?"

"Mi ò mọ ohun tó ń dà sí i."

Títí dé ibí yìí ni mo fi pè é ní "wọn". N kò ní í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Soliat yíjú wò ó. N kò tíì rí ojú tó yanu bẹ́ẹ̀ rí lára èèyàn, àfi ti ẹni tí ilẹ̀ ya mọ́ lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ dìde. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ ọ́. Mo dákẹ́. Mo ka ìdákẹ́ yẹn mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ náà, mi ò sì yọ ara mi sílẹ̀. A padà sí Ìkirè, ó di aṣọ rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó lọ sí ilé bàbá wa.

Àbídì dúró sí Àpòmù lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá sì pinnu láti dá ẹran ara ọmọ rẹ̀ padà. Iyán ni, ọ̀sán àti alẹ́. Ó jẹ ẹ́! Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ ń gbé òkèlè mì nítorí ojú ń tì í láti sọ ìdí tí kò fi lè jẹ ẹ́. Ó ń bì. Wọ́n ní májèlé Soliat ló ń jáde. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó rí àpá wẹ́wẹ́ márùn-ún lára ikùn.

"Ìyá, ta ló ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún bàbá yìí?"

"Iṣẹ́ abẹ kẹ̀?" ni Alhaja Sàlámọ̀tù wí. "Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń wò ni?"

Dókítà na ọwọ́ sí àwọn àpá náà níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì wá àga.

Ọjọ́ kẹta ló wá sí ilé bàbá wa, ó sì kúnlẹ̀ níwájú aya ọmọ rẹ̀. Alhaja, arúgbó, kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Soliat gbé e dìde.

"Ẹ dìde, Ìyá. Ẹ̀yin kọ́. Àwọn tó mọ̀ ni."

"Kí ni kí n ṣe kí o padà?"

"Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ní ìsọ̀, lórí òṣùwọ̀n, níṣojú àwọn tó ń sọ pé mo mú wọn gbẹ." Òun ṣì ń pè é ní "wọn".

Ọjọ́ Ajé pé. Èèyàn kún ìsọ̀ dé títì. Soliat wá lórí ọ̀kadà, ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ lé itan. Ó fẹ́ padà sílé, mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àbídì bọ́ bàtà. Ó gun irin. Mẹ́rìndínláàádóje. Kílò méjìlélọ́gbọ̀n ti lọ láàárín oṣù méjì àti ààbọ̀. Ariwo "Háà!" sọ.

"Ẹ gbọ́ o," ni Àbídì wí. "Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan sí mi lẹ́nu. Iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe ní Èkó. Wọ́n gé ikùn mi kù."

Mo rí i tí èjìká Soliat sọ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ láti orí ọ̀kadà.

"O fowó ẹ gé ikùn?" ni ẹnìkan kígbe. "Ikùn tí a ń wá oúnjẹ fún!"

Ẹ̀rín bú. Àbídì gbọ́ ẹ̀rín náà. Mo rí ojú rẹ̀ tó ń wá ibi tó máa sá sí.

"Soliat ló ní kí n lọ ṣe é," ló wí. "Ó ní mo ti sanra jù fún òun."

Ẹ̀rín náà di ilọ́po méjì. "Obìnrin!" ni wọ́n ń wí. "Ẹ ò rí obìnrin!"

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹsẹ̀ tó ti gbé kalẹ̀ padà sórí ọ̀kadà.

"Ẹ dá mi padà síbi tí ẹ ti gbé mi," ló sọ fún ọlọ́kadà.

Bàbá Adémúyìwá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Àbídì, ẹ bọ́ sílẹ̀."

"Bàbá, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ ọjà."

"Ẹ bọ́ sílẹ̀. Ní ìjelòó, ẹ ní ọjọ́ orí ni. Ní Àpòmù, a gbọ́ pé ẹ ní ẹ ò mọ̀. Lónìí, ó di ìyàwó. Òkúta ìwọ̀n kì í ní iye mẹ́ta." Ó yíjú sí òdìkejì títì. "Ẹ bá mi gbé símẹ́ńtì yẹn wá."

Láti ọjọ́ náà, àpò símẹ́ńtì ni wọ́n fi ń dán òṣùwọ̀n Àbídì wò láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Àádọ́ta kílò. Kì í rù, kì í sanra, kì í sì í purọ́ mọ́ obìnrin.