Ohun Tí Ràbíátù Sọ fún Nọ́ọ̀sì

Ní ọdún 1984, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú Ràbíátù, ìyá Ràṣídì, ìyàwó Múítì aránṣọ, ní Atakpamé nílẹ̀ Tógò. Dókítà kan ní Lomé sọ pé oògùn tuntun kan wà tí àwọn ń dán wò, ọ̀fẹ́ sì ni. Kìkì pé ó gbọ́dọ̀ máa wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ láìnídìí, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀.

Honorine, nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ, ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé ni òun náà. Ó bèèrè iye tó ń wọlé wọn lóṣù, nítorí owó ọkọ̀ wà fún ẹni tí kò ní. Ràbíátù wo léèsì ìgbéyàwó tó wọ̀ wá. Ó rò ó pé bí obìnrin yìí bá wálé ní Kérésì, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́ pé apá Múítì kò ká ilé mọ́. Ó ní, "Ọkọ mi ń gbọ́ bùkátà." Honorine kọ ọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí àlòkù aṣọ òyìnbó ti kún ọjà, ẹ̀rọ Múítì a máa lo ọjọ́ mẹ́ta láìdún.

Ó ta léèsì náà, ó fi wọkọ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, kò rí nǹkan tà. Ó jókòó sílé, ó sọ fún Múítì pé wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Nígbà tí ìgbà kẹta ku ọ̀la, Múítì ń wá bọ́tìnnì nínú àpótí Ràbíátù, ó bá rí káàdì ilé ìwòsàn: ọjọ́ kan ní àmì, èkejì ṣófo. Ràbíátù jẹ́wọ́ fún un. Kò bá a jà. Ní ìdájí, Múítì bẹ Bàbárímisá, awakọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Lomé, wọ́n sì jókòó sórí iṣu. Ní Notsé lójú ọ̀nà, wọ́n dúró já iṣu títí oòrùn fi mú. Ràbíátù kò láyà láti bèèrè aago.

Nígbà tí wọ́n dé, ìwé wà ní ṣíṣí níwájú Honorine.

"Ìyá Ràṣídì, kí ló dé tí ẹ ò wá lọ́jọ́sí?"

Ràbíátù ní ibà ni.

"Ìwé ẹni tó tọ́jú ibà náà dà?"

Múítì ló sọ̀rọ̀, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kì í ṣe ibà. Èmi ni mi ò ní owó ọkọ̀. Ohun tó sọ fún yín níjọ́ kìn-ín-ní, ẹ pa á rẹ́. Àṣírí mi ló ń bò."

Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì yíjú sí wọn. Honorine gbé ìwé wọlé tọ dókítà lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kó tó jáde.

Ó ní kí Ràbíátù wọlé wá gba oògùn, pé àwọn yóò máa san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ràbíátù dìde, ó wo ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni Múítì ń wò, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ já bọ́ síbẹ̀.