Ojú Oórì Ùsmán ní Etí Òkun

Omi inú gárawà nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ kì í ba Quadri. Bí òjò bá kún títì ní Agége, á dúró sábẹ́ òrùlé olórùlé títí omi á fi fà. Àwọn ará ibi iṣẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ológbò ni. Kì í bínú. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti kékeré.

Iṣẹ́ àpò ló ń ṣe ní Àgídìngbì. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń hun àpò ìrẹsì àti àpò ṣúgà. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí. Ní ọdún kejì, ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá wà láàárín èèyàn, inú àpò ṣòkòtò ni ọwọ́ yẹn máa ń wà.

Ùsmán àbúrò rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni tirẹ̀. Ọdún méjì ni Quadri fi jù ú lọ, àwọn méjèèjì nìkan ni Sìlífátù ìyá wọn bí. Ùsmán kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, iṣẹ́ sì gbé e dé erékùṣù kan lẹ́yìn ọ̀sà, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣe fàájì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin níbẹ̀, tí àlejò máa ń háyà láti fi yí erékùṣù ká. Ùsmán ló ń tún wọn ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, ó wọ òkun lọ wẹ̀. Òkun gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkun dá a padà. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí ìròyìn tó dé Agége, àwọn ará ibẹ̀ ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín.

Wọ́n ṣe fídáù rẹ̀ ní Agége. Ẹnikẹ́ni ò lọ sí erékùṣù. Ta ni ìbá lọ? Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ẹ̀gbọ́n kì í dé ojú oórì àbúrò. Bí àgbà nínú ẹbí bá fojú kàn án, wọ́n ní ikú ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ nìyẹn. Ùsmán ò sì ní àbúrò.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ni ìyá wọn náà bá bẹ̀rẹ̀ àlá. Àlá kan ṣoṣo ni. Ùsmán á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ á tutù rinrin, á ní òtútù ń mú òun. Sìlífátù ò jẹun mọ́. Ó ní nǹkan tí òun fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé omi ò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun? Kí ẹnì kan ṣáà bá òun wò ó.

"Mo máa rán ẹnì kan, Màámi," Quadri wí.

"Kì í ṣe ìwọ o. Ìwọ nìkan ló kù mí kù."

Ó ní kì í ṣe òun. Nígbà tó di Sátidé tí kò sí iṣẹ́, òun gan-an ló lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn márùn-ún péré ni wọ́n. Ó so okùn láìfù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di igi ìjókòó mú bí ẹni di ìyá rẹ̀ mú. Obìnrin kan tó gbé ata dání sọ fún un pé kó simi, pé bí ọkọ̀ bá máa rì, igi tó dì mú yẹn náà á bá wọn lọ. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Quadri ò lè rẹ́rìn-ín.

Erékùṣù náà dá bí ọjà tó ti tú. Wọ́n ti to àwọn àga ike léra wọn, wọ́n ti fi tapólì bo ibi tí àlejò ń jókòó sí. Obìnrin tó ni máṣíìnì, Sùlíyá ni wọ́n ń pè é. Ó jókòó sábẹ́ páànù, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò háyà ọ̀kan lọ́wọ́ òun, irú fàájì wo lẹ̀ ń wá nígbà òjò? Quadri ní kì í ṣe fàájì. Ó ní òun ń wá ojú oórì Ùsmán.

Ọwọ́ Sùlíyá dúró lórí ẹ̀wà.

"Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Àbúrò rẹ̀ ni mí."

Ó rọrùn lẹ́nu ju bó ṣe rò lọ. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á.

Sùlíyá ránṣẹ́ pe Bàbá Kàsúmù, apẹja àgbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé Ùsmán sínú ilẹ̀. Kó tó dé, Sùlíyá ti yọ máṣíìnì kan jáde. Ìjókòó rẹ̀ tutù, ó fi àpò ìrẹsì tẹ́ ẹ. Quadri mọ àpò náà. Ìhun ilé iṣẹ́ wọn ni, ìlà aláwọ̀ ewé méjì létí. Bàbá Kàsúmù dé, ó kí i kú ọ̀fọ̀, ó gun ẹ̀yìn máṣíìnì. Quadri ní láti fi ọwọ́ méjèèjì wà á. Ọwọ́ òsì ò lè wà nínú àpò mọ́. Bàbá wo ọwọ́ yẹn. Ó ní kí àwọn máa lọ.

Quadri ti ń gbọ́ òkun kó tó rí i. Ó ń kù bí ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n já sétí rẹ̀, ó tẹ bíréèkì. Àwọn igi àgbọn dùbúlẹ̀, gbòǹgbò wọn kọjú sókè. Ilé ńlá kan, ògiri rẹ̀ ti wó sómi, èèyàn ń rí balùwẹ̀ inú rẹ̀ láti ìta. Bàbá na ìka sí àárín ìgbì, ó ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ibẹ̀ yẹn làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Quadri ò béèrè nǹkan kan. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà á.

"Yà sí òsì," Bàbá á wí. "Ó dáa, máa lọ."

Wọ́n dé yàrá tí Ùsmán ti ń sùn nígbà ayé rẹ̀. Nọ́ọ̀tì àti bóòtù rẹ̀ ṣì wà nínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé. Wọ́n gba àárín igbó àgbọn, wọ́n tún já sétí òkun. Ilé tó wó yẹn ni Quadri tún rí.

"Bàbá, a ti gba ibí yìí kọjá."

"Mo mọ̀."

Kò tíì ronú sí i tí táyà fi rì sínú yanrìn. Ẹ́ńjìnnì kú. Ìgbì kan dé, ó bo táyà iwájú. Quadri bọ́ sílẹ̀, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ gan pa. Kò lè tì í, kò lè sá. Bàbá jókòó síbi tó wà lórí máṣíìnì, ó ká ẹsẹ̀ sókè, omi ò kàn án. Ó ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, kó fara balẹ̀, kó tì í díẹ̀díẹ̀. Quadri tì í. Ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó tún tì í. Ó jáde.

Wọ́n lọ síwájú díẹ̀, Bàbá ní kó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ̀yìn ahéré yẹn ni. Ìwọ dúró síbí."

"Bàbá, mo fẹ́ rí i."

"Ùsmán máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún mi, tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ méjì, tí ẹ̀rù omi máa ń bà. Kò sọ fún mi rí pé òun ní àbúrò." Bàbá sọ̀kalẹ̀. "Mo rò pé tí mo bá mú ẹ yí ká tó, ẹ̀rù òkun á dá ẹ padà. Èmi ni màá bá ẹ wò ó."

Quadri ti ọwọ́ òsì bọ àpò padà. Ó jókòó, ojú rẹ̀ sí ilẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá padà.

"Ó gbẹ," ó wí.

Ṣòkòtò Bàbá tutù dé orúnkún.

Quadri wo ṣòkòtò náà. Bàbá rí i pé ó ń wò ó.

"Òjò ni."

Òjò ò rọ̀ láti àárọ̀. Quadri dìde. Bàbá dì í lápá, ó tún fi í sílẹ̀.

Pátákó wà lẹ́yìn ahéré náà, wọ́n fi ọ̀dà kọ Ùsmán sí i lára, ó ti ń fì. Lápá ẹsẹ̀, òkun ti bu yanrìn lọ. Ìgbì wá, ó lá ibẹ̀, ó padà, ó fi omi sílẹ̀ nínú kòtò. Quadri sún mọ́ ọn. Kò mọ èyí tó ń bà á lẹ́rù jù, omi tó ń bọ̀ ni, àbí ohun tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tí kò ṣeé dá padà. Ó pe Ùsmán lẹ́ẹ̀kan. Ó rántí àlá ìyá rẹ̀, pé òtútù ń mú Ùsmán.

Ni àpò orí ìjókòó bá wá sí i lọ́kàn.

Sùlíyá kó gbogbo àpò tó ní fún un. Wọ́n ń bu yanrìn lókè lọ́hùn-ún, Bàbá ń dì í, Quadri ń fi máṣíìnì gbé e lọ ní méjì-méjì. Ó to wọ́n sápá ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, ó to wọ́n léra. Àpò mẹ́rìnlá. Bí ìgbì bá ti ń bọ̀, á dúró, á mí, á tún máa tò ó. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ló gbé e kúrò níbẹ̀.

Sìlífátù wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó délé.

"Ẹni tí o rán ńkọ́?"

"Ó ti dé."

"Ó rí i?"

"Ó rí i, Màámi. Ó gbẹ."

Ìyá rẹ̀ fa ọwọ́ òsì rẹ̀. Yanrìn wà nínú èékánná. Ó wo yanrìn náà pẹ́. Ó lọ bu omi gbígbóná wá, ó fọ ọwọ́ náà fún un bí ẹni fọ ọwọ́ ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó jẹ àsáró, ṣíbí mẹ́rin.

Títí di òní, Quadri ń bẹ ọ̀gá rẹ̀ fún àwọn àpò tí ẹ̀rọ bá hun bàjẹ́. Tí òjò bá ṣú sórí Àgídìngbì, á fi ẹ̀rọ sílẹ̀, á lọ wo ojú sánmà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá wúkọ́, á fetí sí àyà ara rẹ̀, bóyá ikú ti mọ ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ náà á máa fetí sí i láti inú yàrá.

Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì tó kọjá, ìyá rẹ̀ rí i tó ń ká àpò.

"Ẹni yẹn tún ń lọ lọ́la?"

"Ó ń lọ, Màámi."

"Sọ fún un kó so láìfù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ le dáadáa." Ó jókòó tì í, ó ń bá a ká a. "Sọ fún un kó má pẹ́."