Ẹní Tó Ń Wọn Ooru Ẹsẹ̀

Ṣílè mẹ́rìndínlógún ni mo ra bàtà aláwọ tí mo wọ̀ dé yunifásítì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Yábà níbí, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà ni wọ́n pe irú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mo gba ilé lọ.

Àtọ̀gbẹ ti ba iṣan ẹsẹ̀ mi jẹ́. Bí nǹkan gún mi, n kì í mọ̀, egbò tí èèyàn kò sì mọ̀ lè di ẹsẹ̀ gígé. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ní Ìlúpéjú, fi ra ẹní kan fún mi. Láràárọ̀ ni mo ń dúró lé e lórí; á wọn ooru àtẹ́lẹsẹ̀ mi, torí ibi tí egbò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gbóná ju ibi yòókù lọ, á fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ náà.

Ọmọ mi kìlọ̀ pé èmi nìkan ni kí n máa lò ó. Ṣùgbọ́n ta ló ń ní nǹkan tuntun nílé tí kì í fi han àlejò? Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó bọ́ọ́lẹ̀ ní Jíbówú, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù.

"Ọ̀gbẹ́ni, gorí ẹ̀ kí n rí ọ."

"Ṣé kò ní gbé mi fò?"

Ó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ dúdú rẹ̀, ó nà ró bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún.

"Dádì, kí lẹ fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀?"

"Èmi kọ́. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ló gun ún."

"Ẹ̀yin náà! Kí ni mo sọ fún yín? Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn gbóná jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn."

Ọ̀rẹ́ mi ní kò sóhun tó ń dun òun. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ náà sókè: egbò ti ń ṣọyún lábẹ́ àtàǹpàkò. Ó wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

"Ó pẹ́ tí mo ti ní ṣúgà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣàánú mi ni."

Ọjọ́ náà gan-an la gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ sí i, gígé ni wọn ì bá gé ẹsẹ̀ náà.

Àwa mẹ́rin la jọ gbé yàrá yunifásítì yẹn. Ẹni tó ga jù láàárín wa ti kú. Ẹnì kejì, wọ́n kọ́kọ́ gé ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà lòun náà lọ. Èmi ṣì wà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì.