Ẹ̀bẹ̀ Tí Fèyíjìmí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Bẹ̀

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà ní Coolock, ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, níbi tí Fèyíjìmí Adéjùmọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Òun ló ń wẹ̀ fún wọn, tó ń wọṣọ fún wọn, tó sì ń bọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Ó mọ èyí tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì mọ èyí tó máa ń gé ènìyàn jẹ bí omi bá tutù jù. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ohun kan náà.

Ilẹ̀ yìí ló kọ́ ọ ní ìdákẹ́jẹ́. Ní ọdún 2002, nígbà tó dé Dublin pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin, tó sì ní òun ń wá ibi ìsádi, wọ́n mú un jókòó sórí àga kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń bi í léèrè. Ó ní ọjọ́ ọjà ni wọ́n dáná sun ilé bàbá òun ní abúlé. Nígbà tó yá, ó tún ní Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n bi í pé ọjọ́ wo ni ọjà tó ṣáájú rẹ̀ bọ́ sí, ó ní ọjọ́ Àìkú ni. Kò sí ẹnì kan nínú yàrá náà tó mọ̀ pé ọjà abúlé kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ọmọ tó bí ní Dublin ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ́ kó dúró nígbà tó yá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ inú fáìlì kì í jáde mọ́.

Ọmọ náà ni Iyìolúwa. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ó sì ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan ní Limerick. Ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà kan dé sí ilé wọn ní Balbriggan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí àpò ìwé. Kò sí lẹ́tà tó wọ ilé náà tí Fèyíjìmí kì í ṣí, ẹni yòówù kó ni ín. Ó ṣí èyí náà. Kóòtù ló kọ ọ́: wọ́n ní kí Iyìolúwa wá síbi tí wọ́n ti ń yan jùrì, àwọn ènìyàn méjìlá tí wọ́n máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n á sì sọ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ó wà nínú ìwé náà pé ẹni tó bá ń kàwé lọ́wọ́ lè yọ ara rẹ̀. Kó ṣáà ti fi àmì sí ojú kan, kó sì dá ìwé náà padà.

Fèyíjìmí ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí Limerick, ó sì sọ ibi tó yẹ kó fi àmì sí. Ọmọ pè é padà, ó ní òun ò ní yọ ara òun.

Yorùbá ni ìyá ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi ń dá a lóhùn, bó ṣe máa ń rí láàárín wọn. Ìyá béèrè pé ta ló rán an níṣẹ́ adájọ́. Ó ní àwọn tó pe òun ní òpùrọ́ lójú ara òun ló fẹ́ lọ bá jókòó. Ọmọ ní ìdí náà gan-an ni òun fi ń lọ. Ó ní bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó jókòó níwájú ìyá òun lọ́jọ́ yẹn bá ti ná ọjà abúlé rí, ọ̀rọ̀ ì bá máà rí bẹ́ẹ̀. Fèyíjìmí pa fóònù mọ́ ọn létí. Kò sí ohun tó kórìíra tó kí ọmọ tó bí máa káàánú rẹ̀.

Wọ́n yàn án. Iyìolúwa gba àyè ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì wá ń gbé ní Balbriggan. Láràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé kóòtù roboto tó wà lẹ́bàá Phoenix Park. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyá bi í pé ẹjọ́ kí ni. Ó ní òun ò gbọdọ̀ sọ. Ó ní adájọ́ ti kìlọ̀ fún wọn: ẹnikẹ́ni tó bá wá bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà, yálà pásítọ̀ ni tàbí ìyá wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún òun, ẹni náà sì lè ṣẹ̀wọ̀n.

"Ẹni tó ń jẹun nínú ìkòkò mi," ni Fèyíjìmí wí, "tí ò lè sọ ohun tó fojú rí."

"Mum, it's the law."

Wọ́n jẹun tán láìsí ọ̀rọ̀ míì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kẹta. Ìyá á gbé oúnjẹ sílẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹrù sílẹ̀, ọmọ á dúpẹ́, òun náà á sì gbé abọ́ lọ sí yàrá rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kọjá láàárín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí ìjọ gbàdúrà fún ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeremiah, ọmọ ìyá kan ní Coolock, tí ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Iyìolúwa kò bá ìyá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Fèyíjìmí ṣe àmín pẹ̀lú àwọn yòókù, kò sì ro ọ̀rọ̀ náà síwá tàbí sẹ́yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ń lù, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Alàgbà Olúníyì ló rí, àgbà ìjọ wọn, òun àti obìnrin kan tí kò mọ̀ rí. Alàgbà yìí kì í ṣe ẹni tí Fèyíjìmí lè fojú di. Nígbà tí wọ́n bí Iyìolúwa, tí kò sí ẹbí kan ní gbogbo ilẹ̀ Ireland, òun ló gbé oyin àti iyọ̀ wá sí yàrá tí ìjọba kó wọn sí, òun ló sì sọ ọmọ lórúkọ.

Fèyíjìmí kúnlẹ̀ kí i. Kó tó dìde, obìnrin kejì ti wà lórí eékún méjèèjì níta, lórí ẹní ẹnu ọ̀nà, nínú òjò wínníwínní.

"Ìyá Iyìolúwa, a mọ̀ pé ẹ ò retí wa," ni Alàgbà wí. "Ìyá Jeremiah rèé, Bọ́sẹ̀, láti Coolock. Ẹ̀bẹ̀ la bá wá."

Nígbà tó gbọ́ orúkọ náà ni gbogbo rẹ̀ tó yé e. Ó ṣeé ṣe kí ìyá yìí ti jókòó nínú kóòtù nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n yàn, kó sì ti gbọ́ Iyìolúwa Adéjùmọ̀ láàárín àwọn orúkọ òyìnbó. Láàárín àwa Yorùbá ní Dublin, ẹni tó bá ní orúkọ lọ́wọ́ ti mọ ilé. Wọ́n sì wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé: bí ọmọ ẹni bá kó sí wàhálà, àá mú àgbà kan dání, àá lọ bẹ ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé kóòtù roboto yẹn, ẹ̀wọ̀n ni.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé ọmọ bọ̀ yóò wọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i.

"Ẹ dìde, ma. Ẹ máa lọ," ni Fèyíjìmí wí.

Alàgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti bẹ ìyàwó padà sílé ọkọ, ó ti bẹ onílé fún àwọn tí wọ́n lé jáde. Ó mọ̀ pé "rárá" àkọ́kọ́ tí ẹni tí à ń bẹ̀ bá sọ, àga ni ó fi ń lọni. Ó ṣí fìlà, ó wú ikọ́.

"Alàgbà, ẹ má sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká wọlé ná. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìta."

"Ẹ ò ní wọlé."

Ì bá ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n àlàyé gan-an ni ewu. Bó bá fi lè dárúkọ kóòtù, wọn yóò fi kóòtù dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà yóò sì ti di ohun tí wọ́n sọ, tí òun gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì bi í, kò ní lè sọ pé òun ò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó ṣe ń kọ̀ tó ni wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn. Obìnrin yẹn na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Mummy Iyì, ẹ wo ojú mi. Ẹ̀yin náà bímọ. Ọmọ mi..."

"Ọmọ kí ni?" Fèyíjìmí já a gbà lẹ́nu. "Ẹni tó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé kì í kúnlẹ̀ kiri ojúlé àwọn tó kọ́ tiwọn."

Ní gbogbo ọdún tí Alàgbà ti mọ Fèyíjìmí, kò pe orúkọ rẹ̀ gan-an rí. Ó pè é lọ́jọ́ náà.

"Fèyíjìmí. Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ìyẹn?"

"Ẹnu mi ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́, àgbà tó ń kó ìyá oníyàá kiri bí ẹrù? Ẹ gbé e kúrò níwájú ilé mi kí n tó pe ọlọ́pàá."

Alàgbà dé fìlà rẹ̀. Ó yíjú padà, ó lọ ṣí ọkọ̀. Bọ́sẹ̀ ló dìde fúnra rẹ̀, eékún rẹ̀ tutù rinrin.

"O lé mi lórí ìkúnlẹ̀," ló wí. "Ó dáa. Ìwọ náà á kúnlẹ̀ nítorí ọmọ tó o ń fi yangàn yìí, ẹni tó o máa kúnlẹ̀ fún ò ní bojú wò ẹ́."

Fèyíjìmí ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Ìgbà tí Iyìolúwa wọlé, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà. Ó ti pàdé ọkọ̀ náà lẹ́nu àdúgbò, ó sì ti rí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ó ní obìnrin yẹn máa ń wà ní kóòtù lójoojúmọ́. Ó béèrè ohun tó wá ṣe.

"Ó wá, mo lé e lọ. Kò rí nǹkan kan sọ."

"I have to tell the judge."

"Kí lo fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ tí kò jáde lẹ́nu?"

Ọmọ ní pé ó wá nìkan ti tó. Ìyá ní bó bá fi lè sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ti ìyá abiyamọ sẹ́wọ̀n, orúkọ àwọn á sì bàjẹ́ títí dé ilé. Ọmọ ní òun ti búra. Wọ́n jà títí ohùn àwọn méjèèjì fi há, kò sì sí èyí tó yẹ̀ fún èkejì.

Ó sọ fún adájọ́ ní òwúrọ̀ Ẹtì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ, àwọn mọ́kànlá yòókù sì ń bá ẹjọ́ náà lọ. Ní Sátidé, ọlọ́pàá méjì dé Balbriggan, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Fèyíjìmí gbé tíì fún wọn, ó jókòó, ó sì káwọ́ lé itan bó ṣe káwọ́ ní ọdún 2002. Ó mọ̀ pé ohun tí òun bá sọ báyìí ni yóò pinnu ibi tí Bọ́sẹ̀ yóò sùn.

Ọlọ́pàá obìnrin fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ni obìnrin yẹn fẹ́ kó ṣe fún òun.

"Mi ò mọ̀. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́."

"Ẹ ò fura?"

"Ṣé ohun tí mo gbọ́ lẹ ń béèrè, àbí ohun tí mo rò? Wọ́n kọ èrò ọkàn tiwọn sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi nígbà kan rí. Ohun tí mo gbọ́ ni mo máa sọ."

Ó sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ ni àwọn bá wá, wọn ò sọ ẹ̀bẹ̀ kí ni. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Ọmọ mi", òun sì já a gbà lẹ́nu. Wọ́n bi í pé kí ló sọ sí wọn. Ó tún èébú náà sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀, títí kan ti Alàgbà. Ọlọ́pàá ọkùnrin gbójú sókè, ó ní ìyẹn le gan-an. Wọ́n kà á sí i létí, ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì lọ.

Iyìolúwa wà ní ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"You knew well what she came for."

"Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ."

"It's not the same thing, Mum."

"Èmi kọ́ ló kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára òtítọ́. Àwọn tó kọ tèmi sílẹ̀ ní ọdún 2002 ni."

Ọmọ ní bí gbogbo ẹlẹ́rìí bá ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹjọ́ tó máa parí láyé. Ó padà sí Limerick ní ọjọ́ kejì, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sin òun dé ibùdókọ̀.

Wọn kò gbé Bọ́sẹ̀ lọ sí kóòtù. Ọlọ́pàá kìlọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ní ó sọ. Àwọn mọ́kànlá ní Jeremiah jẹ̀bi, adájọ́ sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìjọ ni pé Fèyíjìmí àti ọmọ rẹ̀ ló fi ìyá abiyamọ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Alàgbà Olúníyì kì í jẹ́ kíkí rẹ̀ mọ́. Bí Fèyíjìmí bá jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà nítòsí á rántí pé òun ní ohun tí òun fẹ́ ṣe lẹ́yìn.

Ní oṣù Kejìlá, ó jáde níbi iṣẹ́ ní Coolock, ó sì bá Bọ́sẹ̀ ní ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ń dúró dè. Òyìnbó méjì wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ èdè wọn.

"Ìkà," ni Bọ́sẹ̀ wí láìwo ojú rẹ̀. "Èèyàn mọ́kànlá ló dá ọmọ mi lẹ́bi. Ìwọ lo mú ìkejìlá kúrò níbẹ̀. O rò pé mi ò mọ̀?"

Fèyíjìmí yíjú sí i. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀ láti sọ pé èébú òun ni kò jẹ́ kí Bọ́sẹ̀ sùn lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n kó tó lè sọ ìyẹn, àfi kó kọ́kọ́ gbà pé òun mọ ohun tó bá wá, ìwé tí òun fọwọ́ sí sì ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹnu tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ló sì wà níwájú rẹ̀ yìí.

Ó yíjú padà sójú ọ̀nà.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́," ni Bọ́sẹ̀ wí fún afẹ́fẹ́. Ó pòṣé, ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Fèyíjìmí.

Bọ́ọ̀sì dé. Àwọn òyìnbó wọlé, Bọ́sẹ̀ wọlé, ó sì jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti kọ ìta. Awakọ̀ wo Fèyíjìmí bóyá ó ń bọ̀. Ó mi orí, ó ní kó máa lọ, ó sì dúró de èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.