Páálí Mẹ́fà Tí Mo Kó Dà Nù

Òórùn ìwé àtijọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí mo bá ronú kan fúláàtì wa ní Camp Springs, ní Amẹ́ríkà, níbi tí bàálù ológun ti ń kọjá lórí òrùlé wa láràárọ̀. Mọ́síkò ni ọkọ mi ti kàwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa túmọ̀ ohun tí àwọn ọ̀gágun Rọ́ṣíà ń kọ nípa ogun sínú ìwé ìròyìn wọn. Nígbà tí ìjọba Soviet tú ká, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ogun tútù láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ti tán, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì ní kó máa kó ìwé rẹ̀ lọ. Ó di awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, páálí ìwé mẹ́fà sì gba igun yàrá wa.

"Ará Rọ́ṣíà kì í fi ọdún ka ogun," ọkọ mi a máa sọ fún mi. "Wọ́n lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá lónìí, kí àwọn ọmọ wọn lè gbà á padà. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá."

"Dádì, àwọn ará Rọ́ṣíà tó tò láti ra búrẹ́dì lórí tẹlifíṣọ̀n yìí náà ni àgbò?"

Mo bi í bẹ́ẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín títí. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọgbọ́n mi pọ̀ ju ti ọ̀gágun lọ nígbà náà.

Nígbà tí mo lóyún ọmọ wa kejì, mo ń wá àyè fún ibùsùn ọmọ. Ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́, mo kó páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síta, ọkọ̀ akólẹ̀ gbé wọn lọ. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ kó tó dé. Ó wo igun tó ṣófo náà.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

Ó bọ́ kóòtù, ó to ibùsùn ọmọ náà pọ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán Sátidé kan, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kanlẹ̀kùn. Ogun ti tún bẹ́ sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà.

"Ìjọba ń bi wá ní ohun tí a kò lè dáhùn," ó ní. "Padà wá, jọ̀ọ́. Ṣé àwọn ìwé yẹn ṣì wà?"

Mo fara ti ògiri, mo ń dúró kí ọkọ mi nawọ́ sí mi.

"Èmi ni mo kó wọn dà nù," ọkọ mi wí. "Mo rò pé n kò ní nílò wọn mọ́."

Ọ̀gá náà wò ó bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun oko. Ó lọ, kò padà wá mọ́, iṣẹ́ náà sì bá a lọ. Èmi ni mo tilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

A ti darúgbó báyìí. Bí a bá jọ ń wo ìròyìn, tí wọ́n bá dárúkọ Rọ́ṣíà, èmi ni mo máa ń dìde lọ sí ilé ìdáná. Kò sọ ọ́ rí pé, "Ṣebí mo wí fún ọ?" Ó wù mí kó sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré.